Èémí Tí Mo Fi Pamọ́ ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ àsàláátù wa ní Ìgbóho, ẹ ti bi mí tó. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo lẹ ti ń bi mí bí Èkó ṣe rí, tí mo sì ń dá yín lóhùn pé Èkó dára. Irọ́ ni. Ẹnu mi ni kò gbé ọ̀rọ̀ náà, ni mo bá jókòó kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti mọ́ ìwé kíkọ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ABD, àti pé bí mo bá ń kọ ọ́, kò sí ẹni tó máa já lu ọ̀rọ̀ mi láti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun náà ń gbé Ìkòròdú.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe sìn mí dé gáréèjì. Ìyàwó Wàsíù, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti bímọ, wọ́n ní kí n wá wẹ ọmọ. Ẹ di ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fún mi, ẹ di oyin, ẹ di èlùbọ́, ẹ ní kí n bá yín kí Èkó. Oṣù mẹ́ta ni mo ní màá lò. Mo lo márùn-ún ó lé, mo sì padà wálé bí ẹni tí wọ́n lé nílé ẹ̀kọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asimá. Níbí kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Bí ọyẹ́ bá dé tó gbé mi, ẹ ó gbé mi síta, ẹ ó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ẹ ó máa ṣépè fún ọyẹ́. Màá fa ìnhélà mi lójú gbogbo yín, ike búlúù kékeré tó ń fẹ́ oògùn sí mi lọ́nà ọ̀fun, ẹ ó sì máa bi mí bóyá ó dùn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé inú ìgbádùn ni mo wà.

Coconut

Wàsíù ní Coconut ni kí n ti sọ̀ kalẹ̀, lójú ọ̀nà Tin Can, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe. Mo ń wá igi àgbọn kiri. Tírélà ni mo rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n tò títí ojú mi kò fi ká wọn mọ́, gbogbo wọn ló gbé ẹrù tó tó ilé sẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń tú èéfín. Ilẹ̀ wọn kò pupa bíi tiwa. Ó dúdú, ó ń dán fún epo, bàtà mi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣeé tọ́ wò: ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n lá ìṣó.

Wọ́n ti sọ fún mi pé ará Èkó ò mọ èèyàn. Irọ́ nìyẹn náà. Ìyá ẹlẹ́wà kan tí kò mọ̀ mí rí ló kọ́kọ́ ti àpótí sí mi nídìí. "Màmá, ẹ jókòó jàre. Ó ti rẹ̀ yín jù. Ta lẹ̀ ń wá?" Mo dárúkọ Wàsíù mẹkáníìkì. Ó ké sí ẹnì kan, ẹni yẹn ké sí ẹlòmíì, orúkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn tírélà. Kí ó tó dé, obìnrin náà bu ẹ̀wà agànyìn fún mi, ó ní àlejò òun ni mí. Ẹ̀wà náà dùn, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n epo ọbẹ̀ tó ń jó nínú ìkòkò rẹ̀ gbé èéfín wá sí mi lójú tààrà, àyà mi sì dì.

Ẹni tí kò bá ní i kò lè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ tán láyé. Ó pọ̀ lọ bẹẹrẹ, àwọn ẹlòmíì ń lò ó bó ṣe wù wọ́n, ìwọ nìkan ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo yọ ìnhélà mi nínú pọ́ọ̀sì, mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe fẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kejì ni ọwọ́ kan tó kún fún epo bò ó mọ́ mi lọ́wọ́. Wàsíù ni. Kò tíì dọ̀bálẹ̀, kò tíì kí mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú nǹkan yìí. Múlíkà ò gbọ́dọ̀ rí i o."

"Ìyàwó rẹ ò mọ̀? Láti ọdún mẹ́ta?"

"Ta ni ì bá sọ fún un, Màmá? Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀."

Lóòótọ́ ni mo wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé Múlíkà wá ṣe ìwádìí ìdílé wa kí wọ́n tó fún wa lọ́mọ, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi ló dá wọn lóhùn. Wọ́n bèèrè wèrè, wọ́n bèèrè wárápá, wọ́n bèèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n bèèrè ikọ́ fée. Ó ní, "Kò sí o, ìdílé wa mọ́ tónítóní." Ìdílé kan ti kọ Wàsíù sílẹ̀ ṣáájú nítorí àyà mi tó ń dún, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ti búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni mo jókòó sí. Mo di èémí mi mú kí ikọ́ má baà bọ́ lẹ́nu mi, títí wọ́n fi jẹun tán tí wọ́n ṣàdúrà. Mi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn dákẹ́ ni, mo sì rò pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Ará òkè ní Boundary

Ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Boundary, ni ilé wọn wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, yàrá mẹ́wàá dojú kọra. Ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù ni ilé ìdáná rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń din ata, gbogbo ilé ló ń hú ikọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé ló ń mu èéfín rẹ̀. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí mo bá na ọwọ́, màá fi kàn án.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó sanra dáadáa dúró ṣánṣán níwájú mi, ó ní, "Mama, how you dey? You don chop?" Mo wo orúnkún rẹ̀, mo ń retí. Orúnkún náà kò tẹ̀. Inú bí mi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, obìnrin kan náà yìí, Màmá Tari ni wọ́n ń pè é, ará Ìjọ́ ni, yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa, ti gbé sítáàṣì àti bánga, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹyìn sè, wá fún mi, àwo tó fi bò ó mọ́lẹ̀ sì mọ́ ju àwo tèmi nílé lọ. Sítáàṣì náà ń fà bíi gọ́ọ̀mù, ó ń yọ̀ lọ́fun, ẹja inú ọbẹ̀ náà fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo jẹ ẹ́ tán pátá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun wíwo orúnkún èèyàn.

"Ará òkè" ni orúkọ mi lẹ́nu wọn. Wọ́n ní Yorùbá mi dà bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Múlíkà fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí sí Àpápá, kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí gẹ̀ẹ́sì má wọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, kí n sọ òótọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Mo ní kó jókòó, kò gbà.

Àmínátù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Èmi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ràn omi. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi, tí mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i láyà, tí mo fi kànrìnkàn yín ra á lára, tí mo na apá rẹ̀, tí mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, á la ojú sílẹ̀ máa wò mí bí ẹni ń gbọ́ wàásí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀dá kankan tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan Wàsíù pàápàá.

Bútà

Báwo lèèyàn ṣe ń fi èémí pamọ́ nínú yàrá kan? Mo kọ́ ọ.

Láàárọ̀, èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn tí wọ́n ti tàn mọ́jú á ti dì sí mi láyà. Mi ò gbọ́dọ̀ húkọ́, nítorí ikọ́ mi yàtọ̀ sí ikọ́ èèyàn. Mi ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín púpọ̀, ẹ̀rín máa ń jí i. Mi ò gbọ́dọ̀ kọrin fún ọmọ, nítorí orin á já lẹ́nu mi ní àárín. Bí mo bá fẹ́ rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já, màá dúró kí gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rò pé ọ̀yàyà ni. Mi ò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Mo ń fẹ̀yìn ti ògiri, mo di tẹ̀súbáà mú, wọ́n ní àdúrà ni mò ń gbà.

Ibi kan ṣoṣo tí èèyàn lè dá lọ nínú ilé náà ni ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilé ìtọ̀ wà. Mo gbé bútà ike kan ti Ìgbóho lọ, èyí tí mo fi ń ṣe àlùwàlá. Mo nù ún gbẹ, mo fi ìnhélà mi sínú rẹ̀, mo dé e. Bí àyà mi bá ti dì, màá gbé bútà, màá rọra jáde, ẹnikẹ́ni tó bá rí mi mọ̀ pé àlùwàlá ni mò ń lọ ṣe. Lẹ́yìn ògiri ni màá ti fà á, màá dúró, màá tún fà á, màá wá fi omi inú dúrọ́ọ̀mù bọ́jú kí ojú mi lè tutù bí ti ẹni tó ṣe àlùwàlá.

Múlíkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Màmá wa mà mọ Ọlọ́run o! Àlùwàlá ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, serious!" Kò pẹ́, gbogbo ilé ń pè mí ní Àlhájà, èmi tí mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ wọn wá, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí kì í sùn wá, ó ní kí n gbọ́wọ́ lé e lórí. Ọkùnrin kan tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road, tó lọ ṣòkòtò rẹ̀ tó gún régé, wá bá mi nítorí ẹrù oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n dá dúró ní èbúté. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Yàtọ̀ sí ti Múlíkà, orúnkún àkọ́kọ́ tí mo rí tó tẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ nìyẹn. Mo gbàdúrà fún un, kí ni ǹ bá ṣe? Ẹrù náà jáde lọ́jọ́ kẹta. Ìyẹn ló wá ba ọ̀ràn mi jẹ́ pátápátá, nítorí láti ìgbà náà ni èrò ti ń ti Boundary wá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo ojú Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun. Àlùwàlá tòótọ́ gan-an wá di nǹkan tí mò ń ṣe pẹ̀lú ìfura.

Màmá Tari nìkan ni kò gbé ọ̀rọ̀ kankan wá. Lọ́jọ́ kan ó bá mi lẹ́yìnkùlé, ó dúró títí mo fi ṣe tán, ó ní, "Mama, this your ablution get cough inside." Mo gbọ́ ọ yé, bí gẹ̀ẹ́sì wọn kò tilẹ̀ ní gírámà. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ní i, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń mí. Mo bi í pé níbo ni àbúrò náà wà. Ó ní, "E don die. We dey hide am too." Ó kó omi rẹ̀, ó lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹrin

Ọyẹ́ dé Èkó lọ́dún náà. Eruku wá darapọ̀ mọ́ èéfín, ojú ọ̀run funfun bí eérú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Imú Àbẹ̀kẹ́ dí. Mo ṣe ohun tí ìyá mi ṣe fún mi, tí gbogbo yín náà máa ń ṣe: mo fi ẹnu mi fa ikun rẹ̀ jáde, mo tu ú dànù. Bí mo ṣe tẹ orí ba sí i láyà lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ.

Ohùn kékeré kan ni, fíín, nígbà tó bá ń tú èémí jáde. Á dákẹ́, á tún dún. Ẹlòmíì á pè é ní ọ̀fìnkìn, Múlíkà náà pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ti gbé pẹ̀lú ohùn yẹn fún àádọ́ta ọdún ó lé. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo lọ bá Wàsíù ní Coconut. Abẹ́ tírélà ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó yọ jáde, mo sọ fún un. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò lè mọ́.

"Màmá, ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá àyè bá a sọ fúnra mi. Bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ pé a tàn wọ́n, wọ́n á kó òun àti ọmọ lọ."

"Ìgbà wo lo máa sọ ọ́?"

"Màá sọ ọ́. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi."

Ọmọ mi ń sunkún láàárín àwọn tírélà, èèyàn ń kọjá lọ. Mo ní ó dáa.

Nígbà tí mo padà délé, Múlíkà gbé ife omi kan wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ bá wa gbàdúrà sí i, mo fẹ́ fi pa á lórí. Tàwọn ará ilé ń gbà, tiwa náà á gbà." Mo gba ife náà. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi, ó ti tò. Mo ka Fátíhà sínú omi, mo fẹ́ ẹ, mo dá a padà fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wharf Road

Oògùn inú ìnhélà mi tán lọ́sẹ̀ yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Wharf Road láti ra òmíràn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń rìn bí ẹni tí iná ń lé. Wọ́n kó ìwé sábẹ́ apá, wọ́n ń pariwo sínú fóònù, tírélà ń fun fèrè lé wọn lórí, kò sí ẹni tó tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo bo imú mi pẹ̀lú gèlè, obìnrin kan sì bi mí bóyá ìlú yìí ń rùn sí mi ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n jókòó kí n sinmi kí n tó sọ̀rọ̀. Mo bi í bí ẹni ń bèèrè fún ẹlòmíì: ìyá àgbà kan ní ikọ́ fée, ó fẹnu fa imú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, ọmọ náà ń dún láyà, ṣé òun ló kó o ràn án?

Ó wò mí dáadáa. "Màmá, kì í ràn. Fífa imú ọmọ ò lè gbé e. Ó máa ń wà nínú ìdílé ni, èéfín àti eruku á wá jí i. Ọmọ oṣù mẹ́rin kéré jù fún wa láti sọ pé òun ni. Àmọ́ ẹ gbé e lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ìyá àgbà ní i. Ẹ má yọ apá yẹn kúrò o. Ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ ohun tí wọn ó máa ṣọ́."

Ẹ rí i pé wọ́n sọ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò lè ní mi ò mọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà, mo délé, mo wẹ ọmọ, mo dákẹ́.

Ọ̀sán Jímọ̀

Oṣù kan kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí àyà rẹ̀ dún, àwọn ọjọ́ kan wà tí kò dún rárá, mo sì ń fi àwọn ọjọ́ tí kò dún tan ara mi jẹ. Wàsíù ò tíì rí àyè.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, mo tẹ́ Àbẹ̀kẹ́ sórí ẹsẹ̀ mi, omi ìwẹ̀ rẹ̀ gbóná díẹ̀. Múlíkà ní òun fẹ́ bu omi tútù là á. Bútà mi ló sún mọ́ ọn jù. Kí n tó la ẹnu, ó ti ṣí i, ó ti dojú rẹ̀ kọ omi ìwẹ̀. Ìnhélà bọ́ sínú omi ọmọ, ó léfòó.

"Màmá, kí lèyí?"

Ó mú un jáde nínú omi.

"Ìnhélà nìyí. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

Mo rí i bó ṣe ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́kàn: àlùwàlá, tẹ̀súbáà, kíkí tí mò ń kí èèyàn lọ́nà. Ó wo ọmọ, ó wá wo ẹnu mi. "Ẹnu yẹn lẹ fi ń fa imú ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ kó o ràn án. Mo ń pè é ní ọ̀fìnkìn, ẹ̀ ń wò mí."

Màmá Tari ti yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "E no dey catch like that, abeg! No be catarrh!" Múlíkà ò wo ibẹ̀.

"Màmá, mi ò bá yín jà. Ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí. Tẹ́ ẹ bá lọ, á fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Wàsíù ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí fún. Bí mo bá sọ pé kì í ràn, Múlíkà á bèèrè ibi tó ti wá, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, àti pé ilé wa ti mọ̀ nígbà tí wọ́n wá bèèrè. Bí mo bá dákẹ́, èmi nìkan ni ẹlẹ́bi, màá sì gbé ẹ̀bi náà lọ sí Ìgbóho, ìgbéyàwó ọmọ mi á dúró. Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń ṣe. Mo gbé ọmọ náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi, mo nù ún gbẹ, mo gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Ó dáa."

Nígbà tí mò ń jáde lọ́jọ́ kejì, obìnrin tí mo gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road wo ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá Tari ló gbé báàgì mi dé ọkọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé inú ń bí i sí mi.

Orí àpáta

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, àyà mi ṣí. Mò ń mí bí ọmọdé. Ẹ ní ara mi ti bọ̀ sípò, ẹ ń dúpẹ́, èmi ń wo ara mi pẹ̀lú ìkórìíra. Gbogbo afẹ́fẹ́ yìí, èmi arúgbó nìkan ni mò ń fà á.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wàsíù pè, ó ní ọmọ ti gbádùn, kò dún mọ́, Múlíkà sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé láti ìgbà tí Màmá ti lọ ni. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ní gbogbo oṣù yẹn? Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ èmi ni mo kó o ràn án lóòótọ́. Kó jẹ́ pé irọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta oògùn yẹn pa fún mi, kó jẹ́ pé Múlíkà ló gbọ́n. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà má rí mi mọ́ títí láé, kó ṣáà má ti jẹ́ pé ó wà lára rẹ̀.

Òjò tán, eruku padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń sá èlùbọ́ lórí àpáta, fóònù mi dún. Múlíkà ni. Kò pè mí rí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò.

"Màmá, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ gbọ́."

Ó gbé fóònù náà lé ọmọ náà láyà. Mo kọ́kọ́ gbọ́ fèrè tírélà lókèèrè, ohùn Màmá Tari tó ń ké pe ẹnì kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ èémí náà. Kì í ṣe ohùn kékeré mọ́. Ó gùn, ó há, ó ń já, láàárín ọ̀kan àti èkejì àyè wà tí mo fi rò pé kò ní sí òmíràn mọ́. Ọmọ tó ti ń rìn, tó ti ń pe ìyá rẹ̀, kò rí èémí tó tó láti sunkún.

Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín má baà dàrú: ọmọ náà yè. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù, ó sì padà sílé pẹ̀lú ìnhélà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí fún mi.

Múlíkà gbé fóònù padà sétí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó bà mí lẹ́rù. "Ọ̀fìnkìn ni àwọn ará ilé ń pè é. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ṣé òun ni?"

Wàsíù ò sí nítòsí láti wò mí. Kò sí ilẹ̀kùn kankan tí mo lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Òun ni. Kì í ṣe láti ẹnu mi, inú ìdílé wa ló wà. Sọ fún dókítà pé ìyá bàbá rẹ̀ ní i. Gbé e, má dúró wọ bàtà, máa sáré lọ."

Mo gbọ́ tó ń ké sí Màmá Tari kó bá òun dá kẹ̀kẹ́ dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ dún. Mo rò pé ó ti gbàgbé mi. Ohùn rẹ̀ sì tún wọlé.

"Màmá. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tó wà lóṣù mẹ́rin."

Kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," bí a ṣe máa ń sọ ọ́ fún àjèjì tó júwe ọ̀nà fúnni, ó sì pa fóònù.